Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Pẹ́ Lára: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Ọ́n, àti Bí A Ṣe Lè Dúró Ti Ẹni Tó Ní In



Ojú ewé ìlera yìí sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ìmọ́tótó omi, nítorí pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù láàárín wa. Ẹ̀kọ́ tòní yàtọ̀. Ó dá lórí àwọn àrùn tí kò wọ́pọ̀, tó jẹ́ pé nínú 100,000 ènìyàn, ẹni kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lọ́dún kan tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò kan ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àìwọ́pọ̀ àrùn náà wà lára ohun tó ń dá kún ewu rẹ̀. Aláìsàn kò mọ ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Ẹbí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò kò sì tètè fura. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, owó ti lọ, ọjọ́ sì ti lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àwọn kan wà tí oògùn ti ká lọ́wọ́ kò, tí ẹni tó ní wọn lè ṣiṣẹ́, kí ó tọ́ ọmọ, kí ó sì darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn náà láìdáwọ́ dúró ló ń jèrè rẹ̀, ó sì ṣòro kí ènìyàn dá nìkan ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún láìsí ará tó dúró tì í.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá

Inú egungun wa ni Ọlọ́hun fi ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Mùdùnmúdùn tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun tọ̀sán-tòru. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú lọ sí gbogbo ara. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ìkẹta ni plétílẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà nù.

Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ ń tọ̀. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 4,000 sí 11,000. Plétílẹ́ẹ̀tì máa ń wà láàárín 150,000 sí 450,000. Bí ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ìyá fún àwọn yòókù bá yà kúrò nínú òfin, tí ó ń bímọ láìdúró, ìwọ̀n á dàrú. Ohun tí à ń pè ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà rìn. Irú kan máa ń jó bí iná ọyẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti dá ènìyàn gúnlẹ̀. Irú kejì ń rìn bí ìgbín, ó sì lè wà lára fún ọdún púpọ̀ kí ẹni tó ní i tó fura. Irú kejì yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Ní ọdún 1951, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Dameshek kọ̀wé pé àwọn kan nínú àrùn wọ̀nyí jọ ẹbí kan náà. A ó mú mẹ́rin nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń pọ̀ lápọ̀jù, tí àwọn dókítà ń pè ní CML. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń pọ̀ lápọ̀jù, tí ẹ̀jẹ̀ á fi ki. Ìkẹta ni èyí tí plétílẹ́ẹ̀tì ti ń pọ̀ lápọ̀jù. Ìkẹrin ni èyí tí mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀ ń di àpá, tí kò fi lè ṣe ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́.

CML: bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn okùn tín-ínrín kan wà tí wọ́n ń pè ní kúrómósóòmù. Orí wọn ni Ọlọ́hun kọ àṣẹ tí ara ń tẹ̀lé sí, bí ìgbà tí a kọ òfin sínú ìwé. Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ méjì ní ìlú Philadelphia, Peter Nowell àti David Hungerford, rí i pé ọ̀kan nínú àwọn okùn yìí kúrú ju bó ṣe yẹ lọ lára àwọn tó ní CML. Ní ọdún 1973, Dókítà Janet Rowley ní Chicago ṣàlàyé ìdí rẹ̀: okùn kẹsàn-án àti okùn kejìlélógún ti já, wọ́n sì ti ṣe pàṣípààrọ̀ apá kan. Ó dà bí ìgbà tí ojú ewé kan já nínú ìwé, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé mìíràn. Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, àṣẹ tuntun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde: máa bímọ, má dúró. Nítorí okùn 9 àti okùn 22 yìí ni wọ́n fi yan ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ CML lágbàáyé.

Ẹ fi ohun mẹ́ta sọ́kàn níbí. Èkíní, kò sí ẹni tó bí i mọ́ ọmọ. Lẹ́yìn ìbí ni okùn náà já, inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì wà. Èkejì, kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan, ẹ lè jọ kírun lórí ẹní kan, tọkọtaya sì lè jọ sùn. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe àṣasí, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Lára àwọn púpọ̀, a kò lè tọ́ka sí ohun kan tó fà á. Ìtànṣán olóró tó pọ̀ ni ohun tó dájú jù pé ó lè dá a sílẹ̀. Wọ́n rí èyí lára àwọn tó yè nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sórí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945.

Àmì tó yẹ kí a fura sí

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà ni CML sábà máa ń mú. Ní ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn kò tíì pé 40 ọdún. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ìyá ọmọ ni wọ́n, olórí ilé ni wọ́n.

Àwọn àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí:

- Àárẹ̀ tí oorun kò mú kúrò, àti rírù láìjẹ́ pé ènìyàn ń gbààwẹ̀ tàbí pé oúnjẹ wọ́n ọn.
- Òógùn tó ń rin aṣọ lóru, àní nígbà tí ooru kò mú.
- Ikùn tó ń wú lápá òsì. Ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, ló ń tóbi. Ènìyàn á jẹ òkèlè mẹ́ta, á ní òun ti yó.
- Ara gbígbóná tó ń lọ tó ń bọ̀, ojú tó ń funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀.
- Lára ọkùnrin, kí nǹkan ọmọkùnrin le fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú ìrora, láìsí ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́. Ojú máa ń ti àwọn ènìyàn láti sọ èyí. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó láti ṣì í mú. Ikùn wú, wọ́n á ní ènìyàn jẹ májèlé lójú oorun. Ara gbóná, wọ́n á ní ibà ni, tàbí táífọ́ọ̀dù. Ènìyàn á ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, á gba abẹ́rẹ́, á mu àgbo, oṣù mẹ́fà á sì kọjá. Ìmọ̀ràn wa ni pé bí a bá ti tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mejì tí ara kò yá, kí a ní kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ wa. Àyẹ̀wò náà ni wọ́n ń pè ní FBC. Kò le, kò sì wọ́n bí ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ńlá, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba. Lára ẹni tó ní CML, sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó wà lábẹ́ 11,000 lè ti kọjá 100,000. Láti ibẹ̀, wọ́n á darí aláìsàn sí ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, tí yóò ṣe àyẹ̀wò tó ń wá okùn tó já náà.

Oògùn tó yí ọ̀rọ̀ padà

Ṣáájú ọdún 2001, bí wọ́n bá ti sọ fún ènìyàn pé ó ní CML, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ imatinib, tí orúkọ rẹ̀ lọ́jà ń jẹ́ Glivec. Dókítà Brian Druker, ní ìpínlẹ̀ Oregon, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú ìwádìí rẹ̀. Oògùn yìí kì í pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá pàdé bí àwọn oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́. Ńṣe ló ń lọ dí ẹnu àṣẹ burúkú yẹn pa. Nígbà tí wọ́n padà ka àwọn tó kọ́kọ́ lò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣì wà láàyè.

Lílo rẹ̀ kò le. Lára àgbàlagbà tí àrùn rẹ̀ kò tíì le, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 400 mg, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá kan. Àwọn ohun tó lè bá a wá ni kí ìsàlẹ̀ ojú wú, kí iṣan máa fà, èébì, tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ sọ fún dókítà, ó ní ohun tó lè ṣe sí i. Ohun kan wà tó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀ dáadáa: oògùn yìí lè mú kí àwọ̀ ènìyàn máa mọ́ sí i. Wọ́n lè sọ pé arábìnrin tó ń lò ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bóra. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àsàlátù, bí ẹ bá rí i, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé e kúrò nídìí oògùn tó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí: láàárín oṣù mélòó kan, ara á yá, ikùn á fà sẹ́yìn, sẹ́ẹ̀lì funfun á padà sí ìwọ̀n. Aláìsàn á ní òun ti sàn. Àwọn ará á ní àdúà ti gbà. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ló ń wonisàn, ṣùgbọ́n oògùn náà ni okùnfà tó lò, àrùn náà sì ṣì wà nílẹ̀ bí iná tí eérú bò. Bí a bá dáwọ́ oògùn dúró, ó lè padà dé. Bí ó bá sì wá yí padà di irú èyí tó ń jó bí iná ọyẹ́, apá oògùn lè má ká a mọ́.

Kì í ṣe ìdáwọ́dúró pátápátá nìkan ló léwu. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà kan ní London gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé ẹni tó ń lo ohun tó dín sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn rẹ̀ kò rí àbájáde tó dára bíi ti ẹni tó ń lò ó pé. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ènìyàn bá ń pàdánù ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lóṣù, ó ti wà nínú ewu nìyẹn.

Nítorí náà ni àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n wọn iye àrùn tó kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ó má ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóṣù kẹta, kí ó má ju 1 lọ lóṣù kẹfà, kí ó má sì ju 0.1 lọ nígbà tó bá pé ọdún kan. Bí kò bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, dókítà lè yí oògùn padà sí nilotinib tàbí dasatinib. Àwọn kan wà tí àrùn ti wálẹ̀ gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí dókítà lè ní kí wọ́n dán ìdáwọ́dúró wò, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ṣe nílé.

Obìnrin tó fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀, nítorí oògùn yìí lè pa ọmọ inú lára. Bákan náà ni ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ má sì ṣe lo àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Àwọn ewé kan ń sọ agbára oògùn di aláìlágbára, àwọn mìíràn ń sọ ọ́ di májèlé.

Ilé-Ifẹ̀ àti oògùn ọ̀fẹ́

Oògùn tó wọ́n ni. Bí ó bá jẹ́ pé àpò aláìsàn nìkan ló ń ti jáde, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè rà á. Ọlọ́hun sì ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀. Láti ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn ńlá ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn CML ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ Novartis ló fi oògùn sílẹ̀, àjọ Max Foundation ní Amẹ́ríkà ló sì ń ṣètò bó ṣe ń dé ọwọ́ aláìsàn. Ìdílé kan tí CML pa ọmọkùnrin wọn, tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ, ló dá àjọ yìí sílẹ̀ ní 1997, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi wà lára àwọn tó ṣíwájú iṣẹ́ náà ní Ifẹ̀. Ní 2008, wọ́n tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀, ó sì hàn pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára wa níhìn-ín gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Ẹni tó bá ní CML, tàbí tí wọ́n bá fura sí i lára rẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ ọn pé: "Báwo ni mo ṣe lè wọ inú ètò oògùn ọ̀fẹ́?" Dókítà ló ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ẹ má san owó fún aláròóbọ̀ kankan. Oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò àti ọjọ́ iṣẹ́ tó ń lọ ṣì wà níbẹ̀. A ó padà sórí èyí.

Àwọn mẹ́ta yòókù

*Ẹ̀jẹ̀ tó ki.* Gbogbo wa la mọ PCV, tí a sì ń bẹ̀rù kó má lọ sílẹ̀. Díẹ̀ ló mọ̀ pé ó lè ga jù. Bí ó bá ju 49 lọ lára ọkùnrin, tàbí 48 lára obìnrin, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ki kì í ṣàn geere. Ó lè dì nínú iṣan, kó sì fa rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn. Àwọn àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó bí iná, àti èyí tó ṣàjèjì jù: kí ara máa yún ènìyàn burúkú lẹ́yìn tó bá wẹ̀, pàápàá pẹ̀lú omi gbígbóná, láìsí nǹkan kan lójú àwọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní i, nǹkan bí 95 ni wọ́n ń rí ìyípadà kan tó ń jẹ́ JAK2 nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní 2005. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kúrò títí PCV á fi wà lábẹ́ 45, pẹ̀lú aspirin kékeré. Àwọn mìíràn á lo hydroxyurea, oògùn tí àwọn tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ wa ti mọ̀. Ẹni tó ní àrùn yìí kò gbọdọ̀ dá ra oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

*Plétílẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ jù.* Iye rẹ̀ ń kọjá 450,000, kì í sì í wálẹ̀. Ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì; nígbà mìíràn, ó tún lè mú ènìyàn ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn kan nílò aspirin nìkan, àwọn kan hydroxyurea.

*Mùdùnmúdùn tó di àpá.* Èyí ló le jù nínú àwọn mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó, ọlọ inú á tóbi gan-an. Oògùn ruxolitinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, ń mú kí ọlọ inú fà sẹ́yìn, ó sì ń mú ara rọ aláìsàn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń nílò kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára.

Ọ̀rọ̀ hìjámà, àlùwàlá àti ààwẹ̀

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a máa wá ìwòsàn. Ìlànà rẹ̀ ni hìjámà, a kò sì sọ nǹkan kan lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki kò lè fi hìjámà rọ́pò fífa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, ìwọ̀n tó tó 450 mílílítà ni wọ́n sábà máa ń fà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì wo PCV ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ tí hìjámà ń mú jáde kéré sí èyí, kò sì sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí plétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sí ní ìwọ̀n lè ṣẹ̀jẹ̀ tí kò ní dá bọ̀rọ̀. Ẹ gba àṣẹ dókítà kí ẹ tó ṣe é, kí abẹ rẹ̀ sì jẹ́ tuntun.

Ẹni tí ara ń yún lẹ́yìn ìwẹ̀, kó lo omi tí kò gbóná, kó má pẹ́ nílé ìwẹ̀, kó fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi gbẹ, kó má fi kànìnkànìn họ ara. Bí àlùwàlá bá ń fa ìpalára gidi, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà, kó sì béèrè lọ́wọ́ àáfà tó nímọ̀ nípa táyámámù. Ẹni tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lérìgì, kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ rọ́pò orín líle.

Ní ti ààwẹ̀, Súúrátù Báqárà, ẹsẹ 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ lè máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ẹni tó ń lo imatinib lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, lè bá dókítà sọ ọ́ bóyá òun lè máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki ní láti ṣọ́ra jù, nítorí òùngbẹ ọjọ́ gígùn ń mú ẹ̀jẹ̀ ki sí i. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí ènìyàn fi oògùn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ nítorí ààwẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹni tó ń lọ sí Hájì tàbí Úmúrà, kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kó gbé oògùn tó ju ọjọ́ ìrìn àjò lọ, kó sì fi sínú àpò ọwọ́, kó má kó o sínú ẹrù tó lè sọnù.

Ìrànlọ́wọ́: ta ni aláìsàn lè fara tì?

Èkíní, ẹnì kan nínú ilé. Aláìsàn kò nílò láti sọ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kó yan ẹnì kan tó fọkàn tán, tí yóò mọ orúkọ oògùn, ọjọ́ àyẹ̀wò àti nọ́ńbà dókítà. Ẹni náà ni yóò máa béèrè lálaalẹ́ pé: "Ṣé ẹ ti lo ti òní?"

Èkejì, fáìlì. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ iye ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ àti ìwọ̀n oògùn sí i. Bí dókítà bá yí padà tàbí bí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ìwé yìí ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ní irú àrùn náà. Ní ọjọ́ kíníìkì, ẹ máa bá àwọn tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti lo oògùn náà fún ọdún mẹ́wàá, tó ń ta ọjà rẹ̀, tó sì mú ọmọ jáde ní fásitì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ẹgbẹ́ aláìsàn wà níbẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Britain lè kàn sí MPN Voice fún àwọn àrùn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, tàbí Leukaemia Care fún CML. Láti ọdún 2009 ni aláìsàn jẹjẹrẹ ní England kì í ti í san owó oògùn tí dókítà bá kọ fún un, bí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lè kàn sí MPN Research Foundation.

Ẹ̀kẹrin, àwa ìjọ. Bíbẹ aláìsàn wò jẹ́ ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí á má sọ pé: "Háà, irú àrùn yìí ló pa lágbájá." Kí á bi í pé: "Ọjọ́ wo lẹ ń lọ sí Ifẹ̀? Ta ló ń bá yín lọ?" Súúrátù Táúbà, ẹsẹ 60, ka aláìní àti onígbèsè mọ́ àwọn tí sàká tọ́ sí. Ẹni tó ti ta ilẹ̀, tó sì jẹ gbèsè nítorí àyẹ̀wò, kò ha lè wà lára wọn bí? Kí ìgbìmọ̀ sàká wa ka owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ìrànlọ́wọ́ lé lórí, kí wọ́n sì ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ara wọn le lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ fún àwọn tó nílò rẹ̀. Lémọ́mù wa náà lè sọ̀rọ̀ kan lórí mìnbárì: pé kò sí àwíjàre fún ọkọ tó fẹ́ kọ ìyàwó nítorí àrùn tí kì í ràn, àti pé lílo oògùn kò tako ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́hun.

Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò ní àsàlátù

1. Ibo nínú ara ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, oríṣi sẹ́ẹ̀lì mélòó ló sì wà nínú rẹ̀?
2. Dárúkọ àmì mẹ́ta tó lè mú kí a béèrè fún àyẹ̀wò FBC.
3. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí ẹni tó ní CML dáwọ́ oògùn dúró nígbà tí ara rẹ̀ bá yá?
4. Ọjọ́ mélòó ni ènìyàn lè pàdánù oògùn lóṣù kí ó tó di ewu?
5. Kí ló dé tí hìjámà kò lè rọ́pò fífa ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn?
6. Nínú ìjọ wa, ta ni yóò máa tẹ̀ lé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn? Kí á dárúkọ ẹni náà lónìí.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní fi àìsàn kankan sílẹ̀, kí Ó sì fi wá ṣe okùnfà ìrọ̀rùn fún wọn. Āmīn.